Ìyàwó Mi Lé Mi Lọ Sí Pálọ̀

Ìyàwó mi lé mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ tún un kà, kí ẹ má baà rò pé àṣìkọ ni. Èmi Adébánjí Akínfẹ́nwá, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sin ìjọba àpapọ̀, tí mo sì ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Folúkẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì wá, orí àga gígùn inú pálọ̀ ni mo ń sùn báyìí bí àlejò tí wọn ò retí. Ọ̀sẹ̀ méje rèé. Bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún sì nìyí, èmi àti gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá la jọ gbé e gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì ilé wa ní Festac, díẹ̀ ló kù kó já lé wa lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Kò sí ohun mìíràn tí mò ń wá láyé báyìí.

Ọ̀sán gangan ló lé mi, kì í sì í ṣe pé a ń jà. Ó ti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti máa ń wọn ìfúnpá rẹ̀ dé, kò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà, ló bá wọ yàrá, ó kó ìrọ̀rí mi, aṣọ ìbora mi àti wáyà fóònù mi, ó kó gbogbo rẹ̀ lé àga.

"Dádì Ìrètí, ẹ má bínú," ó ní. "Ìfúnpá mi ti lọ sókè gan-an. Dókítà ní tí mi ò bá rí oorun sùn, oògùn nìkan ò lè ràn mí lọ́wọ́. Mo fẹ́ sùn."

"Ta ló ní kó o má sùn?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ máa hanrun, hanrun, lẹ́yìn náà ẹ máa tún..." Kò parí ẹ̀. "Mo ti bẹ̀ yín títí pé kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ọ̀dọ̀ wọn dé, ẹ máa bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Mi ò bá yín jà o."

Dókítà! Nítorí híhanrun! Inú bí mi débi pé mi ò jẹun ọ̀sán. Bàbá mi hanrun títí wọ́n fi pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, gbogbo agboolé ló ń gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń hanrun ló ń gbádùn oorun, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní n ò lọ. Mo ní fúnra mi ni n ó wá nǹkan ṣe sí ariwo náà, nígbà tó bá sì ti dákẹ́, obìnrin yìí ò ní ní àwíjàre kankan mọ́, àfi kó ṣílẹ̀kùn.

Kí n má tan yín, oorun èmi náà kò pé. Ṣé ẹ rí àwa tí a gbé Festac láyé ìgbà náà tí a ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòyí, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń kúrò ní Second Gate. Ẹni tó bá dé ní aago márùn-ún géérégé, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ló máa rí. Nítorí náà, aago mẹ́ta ààbọ̀ la máa ń jí, èmi àti Folúkẹ́, òun á gbé omi ìwẹ̀ kaná, á sì di oúnjẹ mi sínú kúlà. Láti ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti fẹ̀yìn tì, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì dé ọ́fíìsì, ó dé báńkì, kò dé ọ̀dọ̀ ara mi. Bó bá ti di aago mẹ́ta ààbọ̀, ojú mi á là kedere. Kó tó dìgbà náà pàápàá, mo ti dìde tọ̀ nígbà mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin. Àárín ìgbà tí mo bá fi dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ mi kì í dúró. Á máa ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú eegun, àfi kí n nà án, kí n ká a, kí n tún nà án, títí aṣọ ìbora á fi bọ́ sílẹ̀.

Ojúmọ́ á wá mọ́ tán, oorun tí kò wá lóru á wá dé lọ́sàn-án. Mo ń tòògbé lórí ìwé ìròyìn. Mo ń tòògbé níbi tí wọ́n ti ń gẹ irun mi. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi mí ṣe alága ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì sùn lọ tèmi ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, tí gbogbo ìjọ ń wò mí. Àwọn ìyá ìjọ ní ẹ̀mí òògbé ni, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí. Èmi ní ibà ni. Bí ó bá ti rẹ ènìyàn ní ìlú yìí, kí ni yóò tún jẹ́ bí kò ṣe ibà? Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo lo oògùn ibà. Tájù tó ní kẹ́míìsì ní Mazamaza kì í bi mí léèrè mọ́. Bó bá ti rí mi tí mò ń sọdá bọ̀, á ti na ọwọ́ mú un lórí pẹpẹ. Kòkòrò ibà tó bá kù lára mi lẹ́yìn ìyẹn, ìbínú ló ń gbé e dúró.

Báyìí ni mo ṣe dé inú pálọ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Àga gùn, ṣùgbọ́n kò gùn tó mi. Bí mo bá kọjú sí ẹ̀yìn àga, ooru. Bí mo bá kọjú sí fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti fèrè tírélà láti ọ̀nà Mile 2. Mo ń dìde, mo ń jókòó, mo ń tan iná, mo ń paná. Mo ń ka iye ìgbà tí ìṣẹ́jú kan fi ń di ìṣẹ́jú méjì.

Nǹkan kan wà tó ń dùn mọ́ mi nínú, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Folúkẹ́ tó ní òun fẹ́ sùn, kò jọ ẹni tó ń sùn. Ojú rẹ̀ wú, etí ojú dúdú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, ó sì sùn lọ lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀wà. Mo rẹ́rìn-ín.

"Màmá Ìrètí, bẹ́ẹ̀dì ti fẹ̀ jù fún ẹ, àbí?"

Ó gbójú sókè wò mí, ó ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mo sọ fún ara mi pé àárò mi ló ń sọ ọ́, pé kò ní pẹ́ tí yóò fi wá bẹ̀ mí. Àgbàlagbà ni mí, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ náà.

Akínyẹmí lọ̀rẹ́ mi. A jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà fún ogún ọdún, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́fà, òun nìkan ló ń dá gbé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé ẹjọ́ mi lọ. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ó ní ìdí tí ènìyàn fi ń hanrun ni pé ó ń fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ní kí n rán bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì mọ́ ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì mi, pé bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, bọ́ọ̀lù á gún mi, n ó sì yí padà. Mo gbé e lọ fún obìnrin tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé wa. Ó wò mí lójú, ó wo bọ́ọ̀lù, ó rán an láì bi mí ní ìbéèrè kan.

Tájù ló fún mi ní ọgbọ́n kejì. Mo ní ibà kọ́ ló gbé mi wá lónìí, oorun ni. Ó fi oògùn ọ̀fìnkìn kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan hàn mí.

"Dádì, ẹyọ kan péré. Ẹ máa sùn bí ọmọ ọwọ́, wàhálà ti tán."

Ẹyọ kan ló sọ. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí kì í tó. Méjì ni mo lò.

Akínyẹmí náà ló tún mú ẹ̀kẹta wá, ìyẹn ló sì wá là mí lójú. Ó ní bí mo bá kàn sọ fún Folúkẹ́ pé mi ò hanrun mọ́, kò ní gbà. "Bánjí, o ti gbàgbé iṣẹ́? Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀." Ó gba fóònù tí Ìrètí, ọmọ wa àgbà, fi ránṣẹ́ sí mi láti Àbújá, ó fi ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ hàn mí. Ó ní kí n tẹ àmì pupa kan bí mo bá fẹ́ sùn, kí n gbé e sórí àpótí lẹ́bàá orí mi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀rí á ti wà, n ó gbé e síwájú ìyàwó mi, n ó sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi láìfojú kan dókítà. Mo ní ọpọlọ rẹ ṣì pé, Akínyẹmí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì alábọ́ọ̀lù, mo gbé oògùn méjì mì, mo tẹ pupa. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé oòrùn ti ń wọlé láti ojú fèrèsé, aago méje ti lù. Aago méje! Mi ò jí ní aago méje rí láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ ìjọba. Ẹnu mi gbẹ, orí mi wúwo, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú ní balùwẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo wọ kíṣíìnì. Folúkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó gé àlùbọ́sà.

"Folúkẹ́, mo ti sùn! Mò ń padà bọ̀ ní yàrá lónìí, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló fi dá mi lóhùn, ó yí padà sí orí iná.

Mi ò kọ́kọ́ gbé e fún un. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, ó máa ń ka lẹ́tà kó tó fi ránṣẹ́. Mo gbé fóònù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Akínyẹmí, a jókòó, ó bu omi sí kọ́ọ̀pù méjì, a tẹ̀ ẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà ni èmi bẹ̀rẹ̀. Áà! Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Akínyẹmí fọwọ́ lu itan.

"Bánjí, taa lò ń wa tírélà yìí lọ bá? Abeg, rọra, o máa wó ilé!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi bàjẹ́ pé bọ́ọ̀lù kò ṣiṣẹ́. Ariwo náà ń gòkè, ó ń gòkè, ló bá gé. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ó ti dákẹ́!" mo ní. "Ṣé o rí i? Mo ti yí padà nìyẹn."

A ń retí. Kò sí nǹkan kan. Mi ò gbọ́ híhanrun, mi ò sì gbọ́ èémí. Akínyẹmí gbé fóònù, ó wò ó bóyá ó ti kú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ń sá lọ lójú rẹ̀. A gbọ́ ilẹ̀kùn yàrá tó dún. A gbọ́ sílípáàsì tó ń sáré bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi, ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Dádì Ìrètí."

Kò sí ìdáhùn.

"Dádì Ìrètí, ẹ mí." Ọwọ́ ń lu àyà, pá, pá. "Ẹ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí."

Ohun kan wá já jáde lẹ́nu mi, ìmí ńlá kan, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa orí rẹ̀ yọ nínú omi. Híhanrun sì tún bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ Folúkẹ́: "Olúwa, mo dúpẹ́." Àga kékeré dún. Ó ti jókòó tì mí.

Akínyẹmí fi ìka fa ohùn náà síwájú, wákàtí kan, wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta. Ibi tó bá já sí, nǹkan kan náà ni. Mo hanrun, mo dákẹ́, obìnrin náà ní ẹ mí. Kò padà sí yàrá. Oògùn tí mo lò kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ rárá. Níbì kan, ó ń kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, ó kà á dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ohùn rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n kí n tó mí. Ó ní, "Ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ilé yìí." Níbi tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, kò gbàdúrà mọ́, kò kà mọ́. Ohun tó sọ ni, "Ó ti rẹ̀ mí, Dádì Ìrètí. Ó ti rẹ̀ mí."

Akínyẹmí pa fóònù. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Èmi náà ń hanrun, Bánjí," ó ní. "Ta ló ń sọ fún èmi pé kí n mí?"

Mo dìde, mo lọ sílé, ẹsẹ̀ mi sì wúwo lórí àtẹ̀gùn náà ju ọjọ́ tí a gbé bẹ́ẹ̀dì lọ. Ojú ń tì mí, mi ò fi bò. Folúkẹ́ wà lórí àga, ó ń ká aṣọ. Mo jókòó tì í, mo tẹ fóònù, mo jẹ́ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ díẹ̀. Ó fi ọwọ́ bò ó.

"Ẹ pa á."

"Ọjọ́ wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ọdún kẹrin tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì."

"Ọdún mẹ́wàá! Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín ni tàbí kó sunkún. "Mo sọ o. Àìmọye ìgbà. Ẹ ní ẹni tó ń hanrun ló ń gbádùn oorun. Mo ní ẹ kì í mí, ẹ ní àlá ni mò ń lá. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn, ẹ ní ibà ni, ẹ lọ bá Tájù."

Òótọ́ ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, mo sì rántí bí mo ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni ń fọwọ́ sí ìwé.

"Ṣé ìdí tó o fi lé mi nìyí?"

"Mo rò pé tí mi ò bá gbọ́ ọ, màá rí oorun sùn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sùn. Mo wá ń rò ó pé, tí mi ò bá gbọ́ ńkọ́? Ṣé àárọ̀ ni màá wá mọ̀ pé ẹ ti lọ?" Ó ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì mi tó ń ká. "Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń dìde wá, tẹ́ ẹ bá sì ti mí, màá sáré padà sí yàrá kẹ́ ẹ tó jí. Bó ṣe rọrùn fún mi nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò rọrùn bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo da oògùn ìyeyè náà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fa omi lé e. Ní ọjọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo jí i pé kó múra, a ti wà ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ṣí géètì. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó kéré sí àbígbẹ̀yìn wa, gbọ́ ohùn inú fóònù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wá ní ibà kọ́ ló ń ṣe mí, kò sì tíì fìgbà kan jẹ́ ibà. Ó ní ọ̀fun mi ló ń pa dé bí mo bá ti sùn, pé ọkàn mi ń jà fún afẹ́fẹ́ ní gbogbo òru, pé ìdí nìyí tí mo fi ń tòògbé lọ́sàn-án, ó sì lè jẹ́ ara ohun tó ń jí mi tọ̀. Ó ní oògùn ọ̀fìnkìn yẹn kì í ṣe fún arúgbó rárá, pé ó ń mú kí ọ̀fun tún dẹ̀ sí i, ó sì máa ń bi àgbàlagbà ṣubú ní balùwẹ̀. Ó kọ ìwé pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò oorun ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú ẹni tó bá sùn. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò nítorí ẹsẹ̀ tí kì í dúró. Kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn títí dìgbà náà, kí n sì dín bí mo ṣe sanra kù. Ó bi Folúkẹ́ pé, "Mummy, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin ń sùn?" Ìyàwó mi ní "A dúpẹ́." Mo ní irọ́ ni, kò sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sán ni a délé. Folúkẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n kọjá.

"Ẹ ti rí dókítà," ó ní. "Mo ti ní tẹ́ ẹ bá ti rí wọn. Ẹ wá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yín."

Bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Wọ́n ti tẹ́ ẹ dáadáa, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ojú fèrèsé, oorun sì ń kùn mí débi pé ilẹ̀ ń yí lójú mi. Ohun tí mo ti ń jà fún láti ọ̀sẹ̀ méje nìyẹn.

"Ìwọ dùbúlẹ̀," mo ní.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo máa jókòó. Mi ò ní sùn. Bí mi ò bá sùn, kò sí ohun tó o fẹ́ ṣọ́. Dùbúlẹ̀, Folúkẹ́."

Ó wò mí bóyá mò ń ṣeré. Ó dùbúlẹ̀ tòun ti aṣọ tó wọ jáde, kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì sókè tán tí oorun ti gbé e lọ. Mo fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé bí mo bá ti jókòó, mo ti sùn nìyẹn. Oorun wá bá mi jà lọ́sàn-án yẹn bí ọlọ́pàá. Mo já irun apá mi. Mo fi omi pa ojú. Mo dìde dúró, mo tún jókòó, mo ń bú ara mi pẹ̀lú gbogbo èébú tí mo mọ̀ láti ọ́fíìsì. Aago méjì lù, aago mẹ́ta lù, mi ò tòògbé.

Nígbà tó ń lọ sí aago mẹ́rin, ó ta gìrì. Ojú rẹ̀ kò là. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ó ń wá mi kiri lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí mi ò sí, ẹ̀rù sì ti ń bà á kó tó jí.

"Ẹ mí," ó ní.

Mo mú ọwọ́ náà, mo gbé e lé àyà mi. "Mò ń mí, Folúkẹ́. Máa sùn."

Ó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí ògiri, ó sùn padà. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń mí, mo sì ń mí sókè kó lè máa gbọ́ ọ.